Bí ẹ ṣe lè kó obìnrin mẹ́wàá jọ ládùúgbò yín láti kojú ìrẹ́jẹ

Ẹgbẹ́ obìnrin ò wọ́n nílẹ̀ Yorùbá: ẹgbẹ́ ọjà wà, ti alásàláátù wà, ti ìyá ìjọ wà, ti alájọ wà, ti àwọn obìnrin ilé náà wà. Èyí tí à ń sọ níbí yàtọ̀ sí wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń pàdé ni kí obìnrin lè sọ ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ẹ jẹ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, kí àwọn tó kù gbọ́, kí wọ́n sì jọ mú ọ̀kan nínú ìrẹ́jẹ náà lọ bá ẹni tó lágbára láti yí i padà. Ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tú ká. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn o. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń lọ sílé, ẹnikẹ́ni ò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí ìlànà yìí dá lé lórí ni bí ọ̀rọ̀ ṣe máa kúrò lẹ́nu bọ́ sínú ìwé, àti bí ìwé náà ṣe máa dé ọwọ́ ẹni tó yẹ.

Ta ni kó wà níbẹ̀, níbo, nígbà wo

Ẹ má dín sí mẹ́jọ, ẹ má ju méjìlá lọ. Bí ẹ bá jẹ́ méjìlá, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí kan ti lọ nìyẹn. Wákàtí kejì á kù fún ìpinnu. Bí ẹ bá jẹ́ ọgbọ̀n, àwọn mẹ́rin tó lóhùn jù ló máa sọ̀rọ̀, àwọn tó kù á kàn máa mi orí. Bí èrò bá pọ̀, ẹ pín sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ìpín kọ̀ọ̀kan máa rán ẹni méjì wá sí ìpàdé àpapọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ má fi ìyá ọkọ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ sínú ìpín kan náà, ẹ má fi ìyálé àti ìyàwó kékeré pọ̀, ẹ má sì fi ọ̀gá pọ̀ mọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe torí pé wọ́n jẹ́ ọ̀tá. Púpọ̀ nínú ìrẹ́jẹ tí obìnrin ń rí nínú agbo ilé, obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń rán sí i, ọmọdé ò sì ní lè sọ ọ́ lójú àgbà tó ń ṣe é. Ní ìdàkejì, ẹ da ọjọ́ orí pọ̀, ẹ da ẹ̀sìn pọ̀, ẹ sì da àwọn tó kàwé àti àwọn tí kò kàwé pọ̀.

Ohun tó fún àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lágbára nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni Abẹ́òkúta Ladies' Club tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí níbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọjà, tí wọ́n sì yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Abẹ́òkúta Women's Union ní 1946, ni apá ìjọba ò ká wọn mọ́. Ìró àti bùbá ni aṣáájú wọn ń wọ̀, Yorùbá ló sì fi ń bá èrò sọ̀rọ̀, kí ìyá alágbo má baà rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ẹ̀yin náà, èdè tí ẹ fi ń ná ọjà ni kí ẹ fi ṣèpàdé. Bí ẹ̀ka-èdè Èkìtì tàbí ti Ìjẹ̀bú lẹ ń sọ nílé, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀.

Ibi tó dára jù ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Ẹ lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Bí ẹ bá lo ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Mùsùlùmí á máa sá. Bí ẹ bá lo mọ́ṣáláṣí, àwọn onígbàgbọ́ á máa sá. Pálọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan ò dáa tí ọkọ rẹ̀ bá máa ń wà nílé, torí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á máa wo ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ Àìkú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ máa ń rọ ọ̀pọ̀ lọ́rùn: ìsìn ti parí, àsàláátù ti parí, a ò sì tíì máa gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná. Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ti tó. Bí aago mẹ́fà bá lù, ẹ túká, kódà bí ọ̀rọ̀ ṣì ń dùn. Obìnrin tó bá pẹ́ délé lẹ́ẹ̀kan lè má rí ààyè jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá ẹni méjì tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní yàrá kejì, pẹ̀lú ẹní, omi àti bisikíìtì. Kí ẹ sì san owó fún wọn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n ń fi obìnrin ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, a ò lè máa fi ẹlòmíràn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nínú yàrá kejì.

Owó

Bí ẹni méjìlá bá ń dá ₦500 ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ₦12,000 nìyẹn lóṣù. Owó ọkọ̀ àwọn aṣojú, ẹ̀dà ìwé àti owó àwọn olùtọ́jú ọmọ ni kó bá lọ. Ẹ ṣí àkáǹtì sí báǹkì pẹ̀lú orúkọ ẹni mẹ́ta, kí ó jẹ́ pé méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Kí akápò máa ka iye tó wà nínú rẹ̀ sétí gbogbo yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, kì í ṣe ní ìparí nígbà tí ojú ti ń wo ọ̀nà.

Ẹ má da àjọ pọ̀ mọ́ ọn. Ó ń dùn ún gbọ́ pé kí ẹ máa fi ìpàdé dá àjọ, àmọ́ lọ́jọ́ tí obìnrin kan bá jẹ gbèsè àjọ, ìtìjú á mú un jókòó sílé, ẹni tó sì ń jẹ gbèsè lè jẹ́ ẹni tí ìrẹ́jẹ ń pa lára jù.

Òfin yàrá

Mẹ́rin péré, kí wọ́n máa kà á jáde ní gbogbo ìpàdé.

Àkọ́kọ́, ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ló máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, ọ̀wọ̀ wọn ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá ẹni àádọ́rin ọdún bá ti sọ èrò wọn, kò sí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó máa dìde sọ òdìkejì rẹ̀. Ìkejì, kí ẹnì kan máa wo aago: ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ já a lẹ́nu. Ìkẹta, kò sí ìmọ̀ràn ní àkókò yìí. Gbólóhùn bíi "ṣe sùúrù, ilé ọkọ ni" máa ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọlọ́rọ̀ lẹ́nu ju èébú lọ. Ìkẹrin, ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kú sí, àyàfi bí ẹ̀mí ọmọdé bá wà nínú ewu. Kí gbogbo yín mọ ìyẹn ṣáájú.

Wákàtí àti ibi ìpàdé nìkan ni kó máa wọ orí WhatsApp. Ẹ má fi orúkọ ẹni tó ń jìyà síbẹ̀, ẹ má sì fi ohùn ránṣẹ́. Ọwọ́ ọkọ tàbí ọmọ ni ọ̀pọ̀ fóònù máa ń wà lálẹ́, ohùn tí a gbà sílẹ̀ sì máa ń rìn jìnnà ju ẹni tó sọ ọ́ lọ.

Ìpàdé àkọ́kọ́: ẹ̀wà mẹ́rìnlélógún

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè pé "kí ni ìrẹ́jẹ tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín?" Àwọn kan á ní kò sí, tọkàntọkàn ni wọ́n á sì fi sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí.

Ẹ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà mẹ́rìnlélógún, wákàtí kan ni ẹyọ kan. Ẹ fi ẹfun fa ojú ilà márùn-ún sí ilẹ̀: oorun, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé, iṣẹ́ ilé (omi, oúnjẹ, ìgbálẹ̀, aṣọ fífọ̀), ìtọ́jú ènìyàn (ọmọ, aláìsàn, àgbà), ìsinmi. Kí ó fi ẹ̀wà rẹ̀ pín àná sí ojú ilà wọ̀nyí, àná gan-an, kì í ṣe "bí ó ṣe máa ń rí". Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní mẹ́rìnlélógún mìíràn kó fi pín àná ọkọ rẹ̀, tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé inú ilé kan náà.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni èyí: ìyá tó pọ́nmọ tó sì ń tajà kò mọ ibi tí yóò fi ẹ̀wà sí. Ẹ fún wọn ní ẹyọ àgbàdo fún iṣẹ́ kejì tí wọ́n ń ṣe pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, kí wọ́n gbé àgbàdo lé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wà. Bí ẹ bá pa èyí tì, ìwádìí yín á fi iṣẹ́ pamọ́ dípò kó tú u síta. Bí gbogbo rẹ̀ bá tán, kí akọ̀wé ka ẹ̀wà iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ènìyàn ti gbogbo obìnrin, kó kọ àròpọ̀ rẹ̀, kó sì kọ ti àwọn ọkùnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí. Iye méjèèjì nìyẹn, ẹ tọ́jú wọn. Ẹ máa tún un kà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ìpàdé kejì ni ti ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwùjọ. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú òwe tàbí àṣà ọ̀rọ̀ kan wá tí wọ́n máa ń fi pa obìnrin lẹ́nu mọ́: "obìnrin ò ṣé finú hàn", "ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá", "ṣebí ilé ọkọ ló ń lọ". Fún ìkọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé: ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́ sí mi gbẹ̀yìn, kí ni mo sì pàdánù lọ́jọ́ náà? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ni kí akọ̀wé kọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, owó ilé-ìwé wà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀.

Ìpàdé kẹta: ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo

Àléébù tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ fẹ́ kojú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé yín yẹ̀ wò: Ṣé ẹnì kan tàbí ọ́fíìsì kan wà tó lè yí i padà, tí a sì mọ orúkọ rẹ̀? Ṣé ó kan ó kéré tán ìdajì wa? Ṣé ìwé wà tí a lè fi gbè é lẹ́sẹ̀? Èyí tó bá gba "bẹ́ẹ̀ ni" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ mú. "Kí àwọn ọkùnrin máa bọ̀wọ̀ fún wa" kò ní gba ọ̀kan. "Kí wọ́n má ṣe ta ilẹ̀ ẹbí mọ́ láìpe àwọn ọmọbìnrin sí ìpàdé" á gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ilẹ̀ ẹbí ṣe àpẹẹrẹ, torí ó wọ́pọ̀, àwọn obìnrin púpọ̀ sì gbà pé àṣà ló ní kí wọ́n má rí nǹkan kan gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ bíi ti ọmọkùnrin. Ọ̀nà méjì ló wà tí a ń gbà pín in: ìdí-igi, ìyẹn iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé, àti orí-ò-jorí, ìyẹn iye ọmọ. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tí Privy Council, ilé ẹjọ́ àgbà ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ilé ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà, àyàfi bí ìjà bá wà tí olórí ẹbí sì rí i pé orí-ò-jorí ló yẹ.

Ẹ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n ta ilẹ̀ ẹbí ní ₦8,400,000. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fẹ́: àkọ́kọ́ bí ọkùnrin mẹ́rin, ìkejì bí obìnrin méjì, ìkẹta bí ọkùnrin kan. Ní ìdí-igi, ₦2,800,000 ni ti ìdí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan á sì gba ₦1,400,000. Ní orí-ò-jorí, ọmọ méje ni wọ́n, ₦1,200,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó bọ́ sí òdo. Ìdí tí ìyá bí obìnrin nìkan kì í parẹ́. Àwọn ọmọbìnrin náà ni ìdí yẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń yọ wọ́n kúrò ni pé wọn kì í pè wọ́n sípàdé, àwọn ọkùnrin nìkan á sì buwọ́ lu ìwé. Ibi tí ẹ máa gbá mú nìyẹn: ìpàdé àti ìbuwọ́lùwé.

Ti ìyàwó olóògbé yàtọ̀, ẹ má sì tan ara yín jẹ nípa rẹ̀. Àṣà ò ka opó mọ́ àwọn tó ń jogún ọkọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún. Torí náà, iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ní fún àwọn tó ṣì wà nílé ọkọ ni ìwé: kí orúkọ obìnrin wà lórí rìsíìtì àti ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí owó rẹ̀ bá wọ̀, kó má jẹ́ orúkọ ọkọ nìkan, kí ẹni tó ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí òfin yẹn fún un ní ìpín tí àṣà ò fún un. Abala 43 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé, abala 42 sì ka fífi ìyà jẹ ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin léèwọ̀. Abala 42 yìí náà ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà lò ní 2014 nínú ẹjọ́ Ukeje, nígbà tí wọ́n fagi lé àṣà Igbo tó ní kí ọmọbìnrin má jogún bàbá rẹ̀.

Lẹ́tà náà

Ojú ewé kan péré. Ohun márùn-ún ni kó wà níbẹ̀: ta ni a jẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú déètì, kí ni àṣà tàbí òfin sọ, kí ni a ń béèrè, ọjọ́ wo ni a ń retí èsì. Ó lè lọ báyìí:

"Bàbá wa, olórí ẹbí, a kí yín o. A gbọ́ pé wọ́n ta ilẹ̀ ẹbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò lóṣù tó kọjá, wọn ò sì pe ìdí ìyá wa sí ìpàdé. Àṣà wa ni pé gbogbo ìdí ló ń mọ̀ sí títà ilẹ̀ ẹbí. A bẹ̀ yín kí ẹ pe ìpàdé gbogbo ìdí, kí ẹ fi ìwé àdéhùn àti iye owó hàn wá. A ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún."

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìhàlẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ rán ẹni mẹ́ta: àgbà méjì tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, àti ẹnì kan tó máa kọ ohun tí wọ́n bá wí. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí Bàbá bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ka lẹ́tà náà jáde láìfo gbólóhùn kan, ẹ sì ní kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà yín pẹ̀lú déètì. Bí wọ́n bá kọ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí wọ́n fi dáhùn sẹ́yìn ẹ̀dà náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Ìwé tí kò ní déètì kì í sábà wúlò níwájú adájọ́.

Ẹ má kó ogójì obìnrin lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì àwọn ìyá ọjà l'Ábẹ̀òkúta ní 1945, ọ̀dọ̀ aláṣẹ ni ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ lọ. Nígbà tí wọn ò rí àtúnṣe ni wọ́n gbé e fún ìwé ìròyìn, gbígba ìrẹsì sì dáwọ́ dúró. Èrò rẹpẹtẹ jáde nígbà tó yá, lórí owó orí tí wọ́n ń gba lọ́wọ́ obìnrin. Bí wọn ò bá rí ìwé àṣẹ gbà láti fẹsẹ̀ rìn lójú títì, wọ́n á pe ìrìn náà ní píkíníkì. Níkẹyìn, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba tí wọ́n ń bá jà, fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ni kí ẹ dì mú: lẹ́tà, ìránnilétí, aláṣẹ tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ìta gbangba.

Bí ọjọ́ mọ́kànlélógún bá pé láìsí èsì, ẹ kọ ìránnilétí ọlọ́jọ́ méje, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọba. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti òfin. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre máa ń bá ènìyàn làjà lọ́fẹ̀ẹ́. Níbòmíràn, ẹ lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, tàbí Legal Aid Council, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ran àwọn tí kò lówó agbẹjọ́rò lọ́wọ́. Ẹ kó ìwé yín lọ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ déètì.

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oṣù lẹ mú, ọ̀nà kan náà ni. Abala 54 òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó oṣù bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, àti ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sọ pé wọ́n ń lù ú

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣojú. Ẹ má ṣe rán ẹnikẹ́ni lọ bá ọkọ náà "kó bá a sọ̀rọ̀". Bí ọkùnrin tó ń lu ìyàwó bá mọ̀ pé ó ti sọ síta, ilé yẹn lè gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹnì kan péré, tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ bá yàn, máa bá a sọ̀rọ̀. Kí wọ́n jọ ṣètò ilé tó lè sá lọ lóru, owó ọkọ̀ tí wọ́n ń bá a pa mọ́, ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, àti ọ̀rọ̀ kan tí ó bá sọ lórí fóònù tí ẹ ó fi mọ̀ pé wàhálà dé. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Òfin tó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé ti wà níbẹ̀ láti 2007. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló máa pinnu bóyá òun á kúrò àti ìgbà tí òun á kúrò. Ẹ má bínú sí i bí kò bá tíì ṣe tán.

Bí wọ́n bá fipá bá ẹnì kan lò pọ̀, kó má wẹ̀, kó má fọ aṣọ. Ẹ fi aṣọ náà sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá ń ba ẹ̀rí jẹ́. Kó dé ọsibítù láàárín wákàtí 72, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kì í ṣiṣẹ́ kọjá ìgbà yẹn. Èyí tó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ márùn-ún, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Mirabel Centre wà ní ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà fún irú èyí, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn tó máa wá gba ẹgbẹ́ yín

Bí ẹ bá ti ṣàṣeyọrí kan, olóṣèlú á dé pẹ̀lú aṣọ àti ìrẹsì. Ẹ fi í sínú òfin ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń díje, kí akọ̀wé lè fi ìwé dá a lóhùn, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ló ń kọ ẹ̀bùn fún gbogbo yín. Kí alága máa yí padà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ní ti àwọn ọkùnrin tó fẹ́ wá jókòó gbọ́, ẹ ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí ẹ bá pé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe ìpàdé gbangba kan, kí ẹ sì tẹ́ ẹ̀wà àti àgbàdo sílẹ̀ fún àwọn náà láti pín àná tiwọn fúnra wọn.

Ìwé ìpàdé, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe akọ̀wé, kí ẹ̀dà rẹ̀ kan sì wà nílé obìnrin mìíràn ní àdúgbò mìíràn.